Minidump, dump kernel tàbí kdump: ìfiwéra ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá dákú

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dákú lójijì, tí ojú rẹ̀ di búlúù tàbí tí ìkọ̀wé wẹ́wẹ̀wẹ́ bo ojú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn máa ń tún un tàn ni, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ títí yóò fi tún dákú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fà á nílò ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì ni fáìlì tí à ń pè ní dump. Ẹ̀dà ohun tó wà nínú RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, ni, ní àkókò gan-an tí kernel, ìyẹn apá tó ń darí RAM, díìsì àti gbogbo ohun tí a so mọ́ ẹ̀rọ, rí i pé òun kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Oríṣi dump kò mọ ní ẹyọ kan, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú kò sì dọ́gba. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé a kò lè yan èyí tí a fẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dákú tán: bí ètò tó wà nílẹ̀ bá tọ́jú èyí tó kéré jù fún ìbéèrè wa, ẹ̀pa kò bóró mọ́, àfi kí a dúró de ọjọ́ mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Windows ṣáájú, ti Linux tẹ̀lé e, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kà wọ́n.

Ṣé ó dákú ni, àbí iná ló lọ?

Kí a tó yan ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà dákú ní tòótọ́, nítorí pé kò sí oríṣi dump tó lè ṣe ẹni tí iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́ lójijì ní oore kankan. Lórí Windows, ẹ ṣí Event Viewer, kí ẹ sì wá ìṣẹ̀lẹ̀ 41 láti ọ̀dọ̀ Kernel-Power. Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà tún tàn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ. Inú àlàyé rẹ̀, níbi tí a kọ BugcheckCode sí, ni ọ̀rọ̀ wà. Bí iye ibẹ̀ bá jẹ́ 0, lọ́pọ̀ ìgbà, kernel kò ráyè sọ ohunkóhun kí ẹ̀rọ tó kú, nítorí náà ẹ yẹ iná, bátìrì, power supply àti ooru wò, pàápàá níbi tí a ti ń ti orí iná ìjọba bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí iye náà bá jẹ́ 159, a jẹ́ pé kernel fúnra rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró. Òǹkà tí a fi ń ka owó ni Event Viewer fi kọ ọ́, 159 yìí, bí a bá fi òǹkà oní-mẹ́rìndínlógún tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x kọ ọ́, sì ni 0x9F tí Microsoft ń pè ní DRIVER_POWER_STATE_FAILURE. Mo ti rí ẹni tó fi odindi wákàtí kan wá 0x159 kiri nítorí pé kò mọ èyí.

Windows: kékeré, ńlá, àti èyí tó wà láàárín

Minidump ló kéré jù nínú wọn. Windows kọ 256 KB sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ níbi tí a ti ń yàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí Windows òde òní ń kọ sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù àṣìṣe àti iye mẹ́rin tó máa ń tẹ̀lé e wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ gbogbo dráífà (àwọn ètò tí kernel fi ń bá ohun tí a so mọ́ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ipò tí prọ́sẹ́sọ̀ wà, àti stack, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ bí iṣẹ́ kan ṣe pe òmíràn títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n stack ti thread (ọ̀wọ́ iṣẹ́) kan ṣoṣo ni, ìyẹn thread tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ dákú. Ohun tí àwọn yòókù ń ṣe kò sí níbẹ̀. Inú C:\Windows\Minidump ni ó ń wọlé sí, ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ sì wà lára orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ti òní kò ní pa ti àná rẹ́. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ìtàn ẹ̀rọ wà nínú fódà náà: bí kóòdù kan náà bá ń jáde ní gbogbo ìgbà, mo máa ń fura sí dráífà, bí ó bá jẹ́ 0x1A lónìí, 0x50 lọ́la, 0xD1 lọ́tùúnla, tí kò sí dráífà kan tó ń jọ ara wọn nínú wọn, RAM ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò, mo sì máa ń fi MemTest86 ṣe é mọ́jú.

Òdìkejì rẹ̀ ni Complete memory dump, tó ń kọ gbogbo RAM sílẹ̀ pátá. Ẹ̀rọ tó ní 32 GB yóò kọ nǹkan bí 32 GB, pagefile, ìyẹn fáìlì tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́, tó wà lórí díìsì tí Windows wà sì gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tún lé díẹ̀. Inú pagefile ni kernel ń da ohun gbogbo sí nígbà tó ń kú lọ; ìgbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn ni Windows tó ń kó o lọ sínú C:\Windows\MEMORY.DMP. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí pé kernel tó ti bàjẹ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń to fáìlì mọ́: àyè tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí díìsì nìkan ló lè kọ̀wé sí láì ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn tó nílò Complete kò pọ̀. Ẹni tó ń bá 0xEF, CRITICAL_PROCESS_DIED, fà á wà lára wọn, torí pé ètò kan tó wà lóde kernel ló kú níbẹ̀, ìdí ikú rẹ̀ sì lè wà nínú apá RAM tí àwọn dump yòókù kì í kọ.

Kernel memory dump ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó kọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti kernel àti ti àwọn dráífà, ó fi ti àwọn ètò tí à ń lò lójoojúmọ́ sílẹ̀, ó sì kéré sí Complete lọ́nà tó hàn sí ojú. Automatic memory dump, tó jẹ́ pé òun ni Windows ń yàn fúnra rẹ̀ láti ìgbà Windows 8, kò yàtọ̀ sí i ní ti ohun tó wà nínú fáìlì; pagefile ni wọ́n fi yàtọ̀. Automatic máa ń jẹ́ kí Windows fi pagefile kékeré bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì dákú tí àyè kò tó, Windows á mú un tóbi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìgbà kejì lè bá a nímùúra. Active memory dump dé pẹ̀lú Windows 10 àti Windows Server 2016, ó sì wúlò jù lọ fún ẹni tó ń fi Hyper-V gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn sórí sáfà kan, nítorí pé ó ń yọ RAM àwọn àlejò náà kúrò. Ẹni tí kò bá ní irú sáfà bẹ́ẹ̀ lè gbójú fò ó.

Ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀: ẹ fi í sí Automatic, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àyè díìsì tàn yín lọ sórí minidump nìkan. Bí ẹ̀rọ tó wà lórí Automatic bá dákú, Windows á tún fi minidump kan sínú fódà rẹ̀ nígbà tó bá tàn, nítorí náà ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó ní ńlá lè fi àṣẹ .dump /m gé kékeré jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú WinDbg, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń ka dump. Kò sí àṣẹ tó lè mú ńlá jáde láti inú kékeré. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. MEMORY.DMP ẹyọ kan ṣoṣo ni, tuntun á bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ tètè dà á kọ sí ibòmíràn. Èkejì ni pé Windows lè pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ bí díìsì bá ń kún. Àpótí kan wà nínú Startup and Recovery tí a máa fi àmì sí kó má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ètò náà wò lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí CrashDumpEnabled nínú registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ pamọ́ sí, lábẹ́ HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\CrashControl: 0 kò kọ nǹkan kan, 1 jẹ́ Complete, 2 jẹ́ Kernel, 3 jẹ́ minidump, 7 jẹ́ Automatic.

BlueScreenView tàbí WinDbg

BlueScreenView láti ọ̀dọ̀ NirSoft kò nílò kí a fi í sórí ẹ̀rọ, kò sì ń jẹ dátà. Bí ẹ bá ti ṣí i, yóò to gbogbo minidump sílẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ kun àwọn dráífà tí àdírẹ́sì wọn wà nínú stack. WinDbg ní tirẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni láti inú Microsoft Store, ṣùgbọ́n ó ní láti gba fáìlì symbols láti ọ̀dọ̀ Microsoft kí ó tó lè sọ àdírẹ́sì di orúkọ iṣẹ́, èyí sì lè jẹ dátà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń fi fóònù ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti kọ srv*C:\symbols*https://msdl.microsoft.com/download/symbols sí i, ohun tó bá gbà yóò wà nínú C:\symbols, kò ní tún un gbà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pa á dé, tí wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, á wá di búlúù. Ẹni tó ni ín ti fi BlueScreenView wò ó, ntoskrnl.exe ni irinṣẹ́ náà sì tọ́ka sí. Kernel Windows fúnra rẹ̀ ni ntoskrnl.exe, òun ló ń kéde ikú ẹ̀rọ, kò sì sí bí orúkọ rẹ̀ kò ṣe ní wà nínú stack. Nítorí orúkọ yìí, arákùnrin náà ti pa Windows rẹ́ tó sì tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ náà kò sì yé dákú.

Mo ṣí MEMORY.DMP nínú WinDbg, mo sì tẹ !analyze -v. Kóòdù náà jẹ́ 9f, Arg1 jẹ́ 3, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun kan tí a so mọ́ ẹ̀rọ ti di IRP mú pẹ́ jù. IRP ni ìwé iṣẹ́ tí kernel fi ń rán àwọn dráífà níṣẹ́, tí ọ̀kan ń fi lé èkejì lọ́wọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àdírẹ́sì ìwé náà wà nínú Arg4, nítorí náà mo kọ !irp, mo sì lẹ àdírẹ́sì náà mọ́ ọn. Nínú gbogbo ìlà tó jáde, ọ̀kan ló ní àmì ọfà níwájú:

>[IRP_MJ_POWER(16), IRP_MN_SET_POWER(2)]

Ọfà náà ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ dúró sí. Orúkọ dráífà Wi-Fi ló wà lábẹ́ rẹ̀: wọ́n ti ní kó jí, kò sì dáhùn. Àṣẹ lmvm pẹ̀lú orúkọ náà fi hàn pé dráífà ọ̀hún ti pẹ́ ju láptọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀ lọ, Windows tí wọ́n tún fi sí i ló ń gbé e padà wá. Minidump ti ọjọ́ kan náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ !devstack láti rí gbogbo dráífà tó tò lé ara wọn lórí káàdì Wi-Fi náà, ohun tí àṣẹ náà ń wá kò sí nínú rẹ̀. Dump kernel ló ní in. A gba dráífà tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹni tí a bá nídìí òkú kì í jẹ̀bi láé. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí fáìlì kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà, mú kí ẹ̀rọ Windows tí Microsoft fojú bù sí 8,500,000 dákú káàkiri àgbáyé, csagent.sys ni àwọn dump tọ́ka sí, pẹ̀lú PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, dráífà yẹn gan-an ló sì ka ibi tí kò yẹ kó kà nínú RAM. Ṣùgbọ́n nígbà tí dráífà kan bá ti kọ̀wé sórí RAM tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń fẹsẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà, onítọ̀hún ni dump yóò sì bá níbẹ̀. Fún irú èyí, dump tó tóbi jù lọ kò tó. Driver Verifier ni kí ẹ lò, nítorí pé ó ń ṣọ́ dráífà tí a bá yàn fún un, á sì dá ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣẹ̀. Kí ẹ tó tan Verifier, ẹ mọ bí a ṣe ń wọ Safe Mode láti tẹ verifier /reset, torí ẹ̀rọ lè máa dákú kó tó tàn tán.

Bí kóòdù bá jẹ́ 0x124, WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìwọ̀n dump. Ẹ̀rọ gidi ló ń sunkún níbẹ̀, minidump tó fún !errrec, iṣẹ́ tó kù sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ prọ́sẹ́sọ̀ àti ooru.

Linux: kdump, pstore tàbí netconsole

Linux kì í kọ dump kankan bí a kò bá ṣètò rẹ̀, ọ̀nà tó sì gbà ń ṣe é yàtọ̀ pátápátá. Kdump, tó wọ inú kernel Linux ní ọdún 2005 pẹ̀lú 2.6.13, máa ń fi apá kan RAM pamọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti tàn, á sì gbé kernel kejì síbẹ̀. Bí kernel àkọ́kọ́ bá dákú, kernel kejì yìí á jí, á rí RAM òkú náà gẹ́gẹ́ bí /proc/vmcore, á sì kọ ọ́ sí díìsì tàbí kó fi ránṣẹ́ sí sáfà mìíràn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju ti Windows lọ, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ń kọ ìtàn ẹni tó kú. RAM ni owó rẹ̀: lórí RHEL 9, Linux ti Red Hat, fún prọ́sẹ́sọ̀ x86_64, crashkernel, ìyẹn apá RAM tí a fi pamọ́ náà, máa ń gba 192 MB lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1 GB sí 4 GB, 256 MB títí dé 64 GB, àti 512 MB fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò mìíràn kò sì lè lo apá yẹn títí ẹ fi pa kdump. Makedumpfile pẹ̀lú -d 31 ló ń dín fáìlì náà kù, torí ó ń yọ ojú ewé tó ṣófo, cache, ti àwọn ètò oníṣẹ́ àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò kúrò.

Pstore kò gba RAM bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo UEFI, ètò tó ń tan ẹ̀rọ kí Linux tó dé, ìwọ̀nba ìkẹyìn ọ̀rọ̀ tí kernel sọ ló ń fi pamọ́ sínú àyè kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, a sì máa rí i nínú /sys/fs/pstore tàbí /var/lib/systemd/pstore lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tàn. Ó dára fún láptọ́ọ̀pù àti ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kéré. Netconsole ń fi ọ̀rọ̀ kernel ránṣẹ́ lórí UDP sí ẹ̀rọ mìíràn bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí náà ó lè mú ohun tí kernel sọ kó tó dákú rárá. Ṣùgbọ́n UDP kì í béèrè bóyá ọ̀rọ̀ dé, bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì wà lára ohun tó bàjẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹ máa gbọ́. Méjèèjì kì í tọ́jú RAM. Sáfà tí ènìyàn gbé iṣẹ́ lé gbọ́dọ̀ ní kdump. Mo máa ń fi netconsole kún un níbi tí sáfà bá ti ń dákẹ́ lójijì láì kọ vmcore sílẹ̀.

Crash tàbí drgn

Kí ẹ tó ṣí irinṣẹ́ kankan, ẹ wo vmcore-dmesg.txt tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ vmcore nínú /var/crash lórí RHEL àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RIP ń sọ iṣẹ́ tí kernel wà lẹ́nu rẹ̀, ìlà Tainted sì ń sọ ẹni tó wọlé láti òde: P jẹ́ dráífà tí a kò fi kóòdù rẹ̀ han ayé, O jẹ́ èyí tí a kọ́ lóde kernel. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí mo ti yẹ̀ wò ni mo yanjú níbẹ̀.

Bí èyí kò bá tó, crash, tí Dave Anderson kọ ní Red Hat, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àṣẹ rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ti gbó: bt fún stack, log fún ọ̀rọ̀ kernel, ps fún àwọn ètò, kmem fún RAM, foreach bt fún stack gbogbo iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wá èyí tó ń dí àwọn yòókù lọ́nà. Drgn, tí Omar Sandoval bẹ̀rẹ̀ ní Facebook, kò ní àṣẹ tó tò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Python ni a fi ń bi í léèrè, agbára rẹ̀ sì hàn nígbà tí ìbéèrè náà bá jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kàn, tàbí nígbà tí ẹ bá ní ogún vmcore tí ẹ fẹ́ bi ní ìbéèrè kan náà. Ẹni tí kò mọ Python kò ní gbádùn rẹ̀. Méjèèjì nílò vmlinux, ìyẹn fáìlì kernel fúnra rẹ̀, tó ní debuginfo (orúkọ àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀), tó sì bá kernel tó dákú mu délẹ̀délẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe àtúnṣe kernel, torí bí kernel tuntun bá ti dé, wíwá ti àtijọ́ lè di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Kí ẹ tó fi dump ránṣẹ́, kí ẹ sì tó gbà pé ẹ ní in

Ohun tó wà nínú RAM ló wà nínú dump. Complete lè gbé ọ̀rọ̀ aṣínà, lẹ́tà tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ àti ohun tó wà lójú báńkì yín dání. Dump kernel àti vmcore tí a ti yọ́ ṣì lè ní kọ́kọ́rọ́ ìdìpamọ́ àti orúkọ fáìlì nínú. Minidump ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí n kò mọ̀ rí, kì í ṣe nítorí dátà nìkan, nítorí pé òun ló ń sọ àṣírí tó kéré jù. Bí onítọ̀hún bá ní òun nílò èyí tó tóbi, ẹ béèrè àṣẹ tó fẹ́ lò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ nìkan ránṣẹ́.

Ètò tí a kò dán wò kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ẹ yan àkókò tí kò sí iṣẹ́ kankan lórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ ti ohun gbogbo pa, kí ẹ sì mú un dákú pẹ̀lú ọwọ́ ara yín: NotMyFault ti Sysinternals ló ń ṣe é lórí Windows; lórí Linux, root, ìyẹn ẹni tó ní àṣẹ lórí ohun gbogbo, yóò tẹ echo c > /proc/sysrq-trigger. Nígbà tó bá tàn, ẹ wo C:\Windows\MEMORY.DMP tàbí /var/crash. Bí fáìlì bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní, tí WinDbg tàbí crash sì ṣí i láì kígbe nítorí symbols, ẹ̀rọ yín ti ṣetán. Bí kò bá sí, ẹ yẹ ìwọ̀n pagefile wò lórí Windows, kí ẹ sì fi kdumpctl status wò bóyá kernel kejì ti wà ní ipò rẹ̀ lórí RHEL, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un mú dákú.